Ife Mẹ́rin Nínú Ẹ̀rọ Tí A Kì Í Tàn

Ẹ̀rọ kan wà ní ilé ìdáná wa ní Garland, nítòsí Dallas ní Amẹ́ríkà, lábẹ́ káńtà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a ti ń fọwọ́. Ẹni tó kọ́ ilé náà ló fi í síbẹ̀, kó lè máa bá onílé fọ abọ́. Ní gbogbo ọdún mọ́kànlá tí a ti lò nínú ilé yìí, títí di ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ fún yín, ẹ̀rọ yẹn kò fọ síbí kan ṣoṣo. Ìkòkò ìyàwó mi ló ń gbé inú rẹ̀. Ìkòkò ìrẹsì wà nísàlẹ̀, asẹ́ wà lórí rẹ̀, àwọn ìdérí tí kò mọ ìkòkò wọn mọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn ike áísìkirimù tó ti di ike ọbẹ̀ sì kún òkè. Bí ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ láìmúra sílẹ̀, ìdérí kan á bọ́ jáde, á sì yí lọ títí dé pálọ̀.

Ẹ má tíì fi wá rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá jẹ́ Yorùbá tó ń gbé agbègbè Dallas yìí, ẹ dìde ná, ẹ lọ wo inú tiyín, kí ẹ tó wá ka ìyókù. Ẹ ti padà dé? Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Kì í ṣe pé ẹ̀rọ náà bàjẹ́. Ìyàwó mi ni kò gbà á gbọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú wọn, ó wẹ̀ wọ́n, ó gé èékánná wọn, ó sì mọ ohun tó ń jẹ́ kí nǹkan mọ́. Ó ní, “Ohun tí kò lè fi èékánná ha ìdí ìkòkò, kí ló fẹ́ fọ̀ níbẹ̀? Omi ni á kàn máa ta sí i lára.” Bó ṣe parí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ nìyẹn.

Èmi ní tèmi, apòògùn ni mí. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́ ní Ìbàdàn, kì í ṣe oògùn inú páálí nìkan là ń tà. Àwa fúnra wa la máa ń po oògùn ikọ́ nínú yàrá ẹ̀yìn. A ó dà á sínú ìgò, a ó wá lẹ bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a gé ní eyín-eyín mọ́ ara ìgò náà, kí aláìsàn lè mọ ibi tí yóò mu dé láàárọ̀ àti ibi tí yóò mu dé lálẹ́. Ọ̀gá mi kì í fi ọ̀rọ̀ ìlà ṣeré. Bí oògùn bá fi bíńtín ga ju ìlà lọ, á ní kí n dà á nù kí n tún òmíràn pò. Òun ló kọ́ mi pé kí n máa bẹ̀rẹ̀ títí ojú mi á fi bá ìlà dọ́gba, nítorí ẹni tó bá dúró sókè wo ìlà, ara rẹ̀ ló ń tàn jẹ. Nígbà tí mo dé Dallas, tí mo tún rí iṣẹ́ sí ilé oògùn, àwọn ọ̀dọ́ tí a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń dúró wò mí bí mo ṣe ń bẹ̀rẹ̀ níwájú ife ìwọ̀n bí ẹni tó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ kí bàbá ìyàwó rẹ̀.

Mo fẹ̀yìn tì. Kò pé oṣù mẹ́ta tí ìyàwó mi fi ní mo ti ń jókòó ti òun jù.

“Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá nǹkan ṣe. Ẹ ti to gbogbo èlò ọbẹ̀ mi ní A, B, D. Láti àná ni mo ti ń wá ata.”

“Ó wà níwájú àwọn B.”

“Ẹ jáde nílé, Dádì.”

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí wa mọ́tò lọ sí McKinney ní gbogbo Sátidé nìyẹn. Ní àárín ìlú ibẹ̀, níbi tí àwọn ilé àtijọ́ wà, àwọn ṣọ́ọ̀bù kan ń ta nǹkan àwọn tó ti kú: àga tí bàbá ẹnì kan jókòó lé títí ó fi tẹ́, ọmọlangidi olójú kan, ìgò oògùn tí kò ní oògùn. Mo máa ń rìn káàkiri láìra nǹkan kan, títí di ọjọ́ tí mo dúró níwájú pẹpẹ kan nínú ṣọ́ọ̀bù obìnrin àgbà kan tó fi okùn so awò ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn.

Ife gíláàsì ni mo rí. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ nísàlẹ̀, ó fẹ̀ lẹ́nu bí òdòdó, ìdí rẹ̀ nípọn tó àtàǹpàkò mi. Lẹ́tà góòlù yí i ká lókè. Ṣùgbọ́n ohun tó dá mi dúró ni ìlà kan, ìlà funfun tí wọ́n gé sínú gíláàsì fúnra rẹ̀, nǹkan bí ìka mẹ́ta sí ìdí. Mo bẹ̀rẹ̀ títí ojú mi fi bá a dọ́gba.

Mo bi olóṣọ́ọ̀bù pé, “Oògùn wo ni wọ́n ń fi èyí wọ̀n?”

Ẹ̀rín pa á. Ó ní n kò jìnnà sí i.

Ẹ gbọ́ ohun tó sọ fún mi. Ó ní ní ayé àtijọ́ ní Amẹ́ríkà, inú ilé oògùn ni wọ́n ti ń mu ẹlẹ́rìndòdò. Apòògùn ló máa ń ti gáàsì bọ omi títí omi á fi máa hó, tí yóò wá pò ó mọ́ omi adùn tó ki bí oògùn ikọ́ ọmọdé, tí yóò tà á fún ẹni tí orí ń fọ́ àti ẹni tí inú rẹ̀ kún fún afẹ́fẹ́. Ó wá dùn jù. Àwọn tí ara wọn le kókó náà bẹ̀rẹ̀ sí wá. Kò pẹ́ tí ilé oògùn fi ní káńtà gígùn olókùúta tó ń dán, àga gíga níwájú rẹ̀, dígí ńlá lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń tú omi híhó jáde, àti irú ife yìí ní ìtò-ìtò. Áísìkirimù wọ inú rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ìlà yẹn ni ibi tí omi adùn gbọ́dọ̀ dé kí wọ́n tó da omi híhó lé e. Bí ẹni tó ń tà bá bù ú kọjá ìlà, ọ̀gá rẹ̀ ló ń jà lólè. Bí kò bá sì dé ìlà, oníbàárà ló ń jà lólè.

Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé obìnrin náà dì mọ́ra. Iṣẹ́ wa ló bí ẹlẹ́rìndòdò! Mo sáré wálé sọ fún ìyàwó mi.

Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, “Nítorí náà, ẹ̀yin apòògùn lẹ kó àtọ̀gbẹ bá wọn, ẹ wá tún lọ jókòó sẹ́yìn káńtà kan náà, ẹ ń ta oògùn àtọ̀gbẹ fún wọn.”



Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti di akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin náà. Ó kọ́ mi pé ayédèrú pọ̀ nínú ọjà yìí. Ó ní kí n máa dojú ife dé kí n wo ìdí rẹ̀: èyí tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún yọ̀ lórí káńtà òkúta á ti ha yíká, ibì kan á jin, ibì kan á kàn rí bí èéfín. Àwọn ayédèrú máa ń dán, tàbí kí wọ́n ti fi sáńpépà ha wọ́n dọ́gba jù. Ó ní kí n máa fi ìka yí ẹnu ife ká pẹ̀lú ojú dídì, nítorí ìka á mọ ibi tó sán kí ojú tó rí i. Lẹ́tà góòlù gbọ́dọ̀ pé. Èyí tó bá ní ìlà wọ́n ju èyí tí kò ní in lọ. Ẹyọ kan dára, ṣùgbọ́n bí mẹ́rin bá bára mu, àwọn tó ń kó wọn jọ á wa ọkọ̀ láti ìlú mìíràn wá torí wọn.

Ó wá gbé awò rẹ̀ sójú, ó wò mí bí olùkọ́. “Kí ni ọ̀tá wọn?”

“Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni.”

“Rárá o. Ẹ̀rọ ìfọbọ́ ni. Ọṣẹ rẹ̀ á jẹ góòlù kúrò, ara gíláàsì á ṣú bí ojú tí awọ ti bò, omi gbígbóná rẹ̀ sì lè là á sí méjì. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó lè wò ó sàn.”

Ọkàn mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Mo ní, “Ìyẹn ò lè ṣẹlẹ̀ nílé tiwa.”

Mo ra mẹ́rin. Iye tí mo rà wọ́n, n kò ní kọ ọ́ síbí, nítorí ìyàwó mi mọ̀wé kà.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ife náà ṣe dé inú ẹ̀rọ. Orí káńtà ni mo kọ́kọ́ tò wọ́n sí. Ní ọjọ́ kẹta, mo wọlé, mo bá ìyàwó mi tó ń fi ọ̀kan wọn epo pupa.

Ó gbé e sókè hàn mí. “Dádì, ìlà yìí dára o! Tí epo bá ti dé ibí, ó tó ọbẹ̀ ìkòkò kan gẹ́lẹ́. Kò lé, kò dín.”

Mo pariwo débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ sílẹ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni mo fi fọ epo náà kúrò, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń wẹ ọmọ tuntun. Mo kó wọn lọ sínú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ. Ó bá wọn níbẹ̀, ó fi ọ̀kan ko bọ́tìnnì. Mo ro gáràjì, ṣùgbọ́n ooru tó ń mú nínú gáràjì ní Dallas lóṣù kẹjọ, ó lè se ẹyin. Mo wá dúró láàárín ilé ìdáná, mo ronú. Ibo ni ẹnikẹ́ni kì í fi omi kàn nínú ilé yìí? Ibo ni ìyàwó mi kì í wò kọjá iwájú? Mo wọ ife kọ̀ọ̀kan ní ìbọ̀sẹ̀ mi tó mọ́, mo sì tò wọ́n sẹ́yìn àwọn ike áísìkirimù, lókè lọ́hùn-ún, nínú ẹ̀rọ ìfọbọ́. Wọ́n sùn síbẹ̀ bí ẹni tó sùn sẹ́nu kìnnìún tí kò léyín. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní òdìkejì títì wa, màmá kan ń gbé, ọmọ Amẹ́ríkà, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa. Ó ń lọ sí àádọ́rùn-ún ọdún nígbà náà, ó ń fi ọ̀pá rìn, ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ̀ kò lo ọ̀pá. Èmi ń pè é ní Màmá, òun ń pè mí ní Aládùúgbò. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó jókòó síwájú ilé rẹ̀, mo mú ife kan lọ hàn án, kí n lè yangàn díẹ̀.

Ó gbà á lọ́wọ́ mi. Ó fi àtàǹpàkò yí ìlà náà ká, ó dojú ife dé, ó fi ọwọ́ pa ìdí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, “Mo ti fọ irú èyí.”

Ó ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni òun nígbà tí òun ṣiṣẹ́ ní ilé oògùn kan ní àárín ìlú Dallas. Ẹ̀yìn ni òun máa ń wà, níbi ọpọ́n ìfọbọ́, láti àárọ̀ títí wọ́n á fi tilẹ̀kùn. Wọ́n á kó ife wá láti orí káńtà, òun á fọ̀ ọ́, wọ́n á kó o padà. Wọn kì í jẹ́ kí àwọn aláwọ̀ dúdú bíi tòun jókòó sí káńtà náà, ti àwọn òyìnbó nìkan ni. Ẹni tó bá fẹ́ mu á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á dà á sínú ife bébà fún un, á sì jáde lọ mu ún nínú oòrùn.

“Mo mọ ìdí ife yìí ju ẹni tó ni ín lọ,” ni Màmá wí. “Ẹnu rẹ̀ ni n kò mọ̀.”

Ó dá a padà fún mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí bú ajá aládùúgbò wa kan tó wọ inú òdòdó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lára mi. Mo ti gbé ẹsẹ̀ kan sí títì kí n tó yí padà.

“Màmá, ọjọ́ ìbí yín ńkọ́?”

“Sátidé tó ń bọ̀ yìí kọ́, èyí tó tẹ̀ lé e. Kí ló dé?”

“Ẹ wá jókòó sí káńtà mi. Màá po sódà, ẹlẹ́rìndòdò ayé àtijọ́ yẹn, fún yín, pẹ̀lú áísìkirimù, nínú ife yìí gan-an.”

Ó wò mí títí. “Má fi arúgbó ṣeré o.”

“N kò ṣeré, mà.”

“Lórí àga gíga?”

“Pẹ̀lú orúnkún yín yẹn?”

“Orúnkún mi ò kàn ọ́. Wá àga.” Bí mo ṣe ń lọ ni ó tún pè mí. “Aládùúgbò! Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún tí mo ti ń dúró. Má jẹ́ kó fọ́.”

Ẹ wá rí ẹrù tí mo gbé lé orí ara mi. Ní ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, n kò ṣe iṣẹ́ mìíràn. Mo po sódà láàárọ̀, mo pò ó lọ́sàn-án, nínú ife lásán. Ti àkọ́kọ́ hó kọjá ẹnu ife, ó ṣàn dé orí ìwé iná mànàmáná. Ti ìkẹta, ìyàwó mi tọ́ ọ wò, ó ní ó dà bí ọṣẹ tí wọ́n fi ṣúgà sí. Ti ìkẹfà, ó mu ún tán, kò sì sọ nǹkan kan, mo sì mọ̀ pé ó ti jinná.

Sátidé náà pé. Aago méjì ọ̀sán ni Màmá máa dé. Ní aago mẹ́wàá àárọ̀, mo wa ọkọ̀ lọ sí Richardson, sí ilé ọ̀rẹ́ mi kan tó ní àga gíga, láti lọ yá ọ̀kan. Ẹ mọ bí àwa àgbà ṣe ń yá nǹkan: ó ní kí n jókòó, ó ní kí n jẹ iṣu, a sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru. Nígbà tí mo padà délé, aago méjìlá ti kọjá.

Bí mo ṣe ṣí ilẹ̀kùn, mo gbọ́ ìró kan tí n kò gbọ́ rí nínú ilé mi. Ó ń kùn, ó ń dún gbàù-gbàù, ó tún ń mí bí màlúù tó sáré. Àga gíga bọ́ lọ́wọ́ mi.

“Dádì!” Ìyàwó mi ló ń ké láti ilé ìdáná. “Dádì, ẹ wá o! Ó ń pọ̀ sí i!”

Ìfófòó ọṣẹ ti bo ilẹ̀ ilé ìdáná. Ó funfun báláú, ó ga dé kókósẹ̀, ó sì ń tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀rọ ìfọbọ́ bí ẹni pé ẹ̀rọ náà ń sanwó gbogbo ọdún mọ́kànlá lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyàwó mi dúró lórí àga, ó ká ìró rẹ̀ dé orúnkún, ó di mọ́ọ̀pù mú bí ọ̀kọ̀.

“Ta ló tan nǹkan yìí?”

“Èmi ni.”

“Ìwọ? Kí ló dé?”

“Àlejò tó ń bọ̀ ńkọ́! Ọmọ Amẹ́ríkà á wọ ilé ìdáná mi, kó wá rí i pé ìkòkò là ń kó sínú ẹ̀rọ? Kó lọ máa sọ pé inú igbó la ti wá? Mo kó ìkòkò jáde. Mo ní kó fọ nǹkan díẹ̀, kó lè máa rùn bí ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò.”

“Ọṣẹ wo lo dà sí i?”

“Ọṣẹ wo là ń fi fọ abọ́? Ti inú ike aláwọ̀ ewé yẹn ni.”

“Mélòó?”

Ó ronú. “Ẹ̀rọ náà tóbi, Dádì.”

Ẹ̀yin tó ń ka èyí, ọṣẹ tí à ń fi ọwọ́ fọ abọ́, ẹ má ṣe dà á sínú ẹ̀rọ yẹn láéláé; ẹ̀rọ náà ní ọṣẹ tirẹ̀ tí kì í hó. Síbí kan ṣoṣo péré ti pọ̀ jù.

Mo nàka sí ẹ̀rọ náà. “Nǹkan díẹ̀ tí o ní kó fọ̀ yẹn. Kí ni?”

Ojú rẹ̀ tàn, lórí àga níbẹ̀, láàárín ìfófòó. “Ife yín ni! Mo bá wọn lẹ́yìn ike. Nínú ìbọ̀sẹ̀! Dádì, ìbọ̀sẹ̀, nínú ibi tí mo ń kó ìkòkò sí! Mo ní n kò ní bá yín jà lónìí. Mo yọ wọ́n jáde, eruku ti bò wọ́n. Mo ní ẹ ẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi tí ẹ bá dé.”

Mo jókòó. Kò sí àga níbi tí mo jókòó sí.

Nígbà tí ẹ̀rọ dákẹ́, tí a ṣí i, èéfín omi gbígbóná bò wá lójú. Ife kan ti là láti ẹnu dé ìdí. Mẹ́ta yòókù wà lódindi, ṣùgbọ́n ara wọn ti ṣú díẹ̀, bí dígí tí ènìyàn mí sí. Lẹ́tà góòlù ti lọ. Kò ku ẹyọ kan. Ìlà nìkan ló kù, nítorí pé inú gíláàsì fúnra rẹ̀ ni wọ́n gé e sí.

Ìyàwó mi sọ̀kalẹ̀ lórí àga. Ó wo ojú mi, ó sì wo ife. “Èmi ò mọ̀,” ló wí, ohùn rẹ̀ kéré.

“O ò lè mọ̀. Ìwọ ni mo fi wọ́n pamọ́ fún.”

Mo pe olóṣọ́ọ̀bù ní McKinney, bóyá ó ní òmíràn tó bára mu. Mo ṣàlàyé. Ó ní, “Ṣé ẹ̀rọ ni?” Mo ní, “Ẹ̀rọ ni.” Ó ní kò sí òmíràn, kò sì mọ ìgbà tí irú rẹ̀ á tún wá. Ó ní mẹ́ta tó kù, kò sí olùkójọ tó máa wo apá ibẹ̀ mọ́. “Ẹ máa fi wọ́n mu omi,” ló wí.

Aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìyàwó mi lọ sí yàrá, ó gbé ìgò ọ̀dà èékánná aláwọ̀ góòlù wá.

“Ẹ jẹ́ kí n tún lẹ́tà náà kọ.”

“Kí lo máa kọ?”

“Kí ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀?”

Mo gbìyànjú láti rántí. Ìdí, ẹnu, ìlà, mo ti wò wọ́n títí. N kò ka ohun tí góòlù náà kọ rí. Ó wo ọwọ́ aago. “Ṣé kí n kọ ‘Ẹ kú ọjọ́ ìbí’?” A wo ara wa, a sì bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kì í ṣe ti ayọ̀. Ó gbé ọ̀dà rẹ̀ padà. A bẹ̀rẹ̀ sí nu ilẹ̀.

Aago méjì gẹ́lẹ́, Màmá kan ilẹ̀kùn. Ó dé fìlà obìnrin tí wọ́n fi òdòdó sí, ó wọ aṣọ aláwọ̀ ofeefee, ó kun ọ̀dà pupa sẹ́nu. A ti tẹ́ gbogbo táwẹ́ẹ̀lì ilé wa sílẹ̀ kí ó má baà yọ̀ ṣubú. Ó gba orí wọn kọjá bí ìyàwó tuntun. Èmi di apá kan mú, ìyàwó mi di ìkejì mú, a gbé e sórí àga gíga. Ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe, ó gbé ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì lé káńtà.

Ó fa afẹ́fẹ́ símú. “Kí ló ń rùn bí ilé alágbàfọ̀?”

Mo jẹ́wọ́. Mo sọ ọ́ láti orí ìbọ̀sẹ̀ títí dé orí ìfófòó. Mo gbé ife kan síwájú rẹ̀, mo ní, “Màmá, ẹ ní kí n má jẹ́ kó fọ́. Ọ̀kan ti là. Àwọn tó kù kì í ṣe bí ẹ ṣe mọ̀ wọ́n mọ́. Góòlù ti lọ.”

Ó gbé e. Ó fi àtàǹpàkò wá ìlà, ó rí i. Ó gbé ife náà sí ìmọ́lẹ̀. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí mì. Mo rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni.

“Góòlù wo? Èwo ni mo fọ̀ tó ní góòlù? Èmi fúnra mi ni mo fi ọṣẹ líle bó o kúrò! Gbogbo ọ̀sẹ̀ ni ọ̀gá ń jágbe mọ́ mi torí rẹ̀. Àwọn tó ní góòlù, iwájú dígí ni wọ́n ń tò wọ́n sí fún ẹwà. Bó ṣe rí lọ́wọ́ mi gan-an rèé.” Ó yíjú sí ìyàwó mi. “Ọṣẹ tí à ń fi ọwọ́ fọ abọ́ lo dà sí i?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Èmi náà ti ṣe é rí. Ajá mi wẹ̀ lọ́jọ́ náà láìpa á láṣẹ.”

Ìyàwó mi sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Màmá, ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ ṣì ń lo tiyín?”

“Tèmi? Ta ló ń tan ìyẹn? Búrẹ́dì mi ni mò ń kó sínú rẹ̀, kí èèrà má baà rí i.”

Ìyàwó mi wò mí. Mo wo ilẹ̀. Orí táwẹ́ẹ̀lì mọ́kànlá ni a dúró sí.

Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo gbé ife síwájú rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ títí ojú mi fi bá ìlà dọ́gba, mo ń da omi adùn sí i díẹ̀díẹ̀. Ó kan ìlà. Mo dá ọwọ́ dúró.

“Tún un dà,” ni Màmá wí.

“Ó ti dé ìlà, mà.”

“Mo rí i. Mo mọ ìlà yẹn kí wọ́n tó bí ẹ. Dà á kọjá.”

Mo rántí ọ̀gá mi ní Ìbàdàn. Láti ọjọ́ tí mo ti ń po nǹkan fún ènìyàn, n kò kọjá ìlà rí. Mo dà á kọjá. Ó ga ju ìlà lọ ní ìka kan gbáko.

“Ó kù díẹ̀,” ni Màmá wí.

Mo tún dà á. Mo da omi híhó lé e, mo gbé áísìkirimù lé e lórí, ó hó, ó gòkè, ó dúró sí ẹnu ife bí ẹni tó ń yọjú lójú fèrèsé. Mo tì í síwájú rẹ̀ lórí káńtà. Màmá kò fọwọ́ kan síbí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife náà, ó gbé e sẹ́nu, ó sì mu. Ó mu ún láìyára. Nígbà tó kù díẹ̀, ó gbé síbí gígùn, ó sì ha ìdí rẹ̀ títí a fi ń gbọ́ ìró síbí lára gíláàsì nìkan. Ọ̀dà ẹnu rẹ̀ wà ní etí ife, pupa.

Ìyàwó mi na ọwọ́ láti gbé e. Màmá gbá a lọ́wọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

“Ìwọ kọ́. Òun ni.” Ó ti ife náà sí ọ̀dọ̀ mi. “Fọ̀ ọ́. Ọwọ́ ni kí o fi fọ̀ ọ́.”

Mo ká apá aṣọ. Mo fọ̀ ọ́, mo nù ún, mo gbé e wá. Ó dojú rẹ̀ dé. “Ìdí rẹ̀ ò mọ́.” Mo padà. Mo tún gbé e wá. Ó fi ìka yí ẹnu rẹ̀ ká. “Ọ̀dà ẹnu mi ṣì wà níbí. Ṣé bí ẹ ṣe ń fọ abọ́ ní Nàìjíríà nìyẹn?” Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín débi pé ó ní láti di ara káńtà mú. Mo padà lọ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, mo fi èékánná ha á, bí ìyàwó mi ṣe máa ń ha ìdí ìkòkò.

Màmá gbà á, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó wò ó títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Lẹ́yìn náà ló gbé e kalẹ̀ síwájú mi.

“Ó dáa,” ló wí. “Tún òmíràn pò fún mi.”